Àìsàn tí Kò Lọ, Ọmọ tí Yóò Dúró

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn òbí ní Lálúpọn àti àwọn abúlé tí ó yí i ká

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀yin bàbá tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹrù ọmọ já lé ìyá nìkan lórí, ẹ̀yin ará Lálúpọn, ará Èjìòkú, ará Lágùn àti Ìyànà Ọ̀fà, títí dé gbogbo ahéré tí ó wà láàrin oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Lágelú, ọmọ Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà tí à ń lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta sí tí ara sì ń yá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ egbò tí à ń fi aṣọ dì títí yóò fi jinná. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò le ni, yálà ọmọ tí a bí pẹ̀lú àbùkù nínú ọkàn, tàbí èyí tí àìsàn wá ba ọkàn rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn tí ó ti ń sáré kiri àgbàlá, tí dókítà sì wá fi ìyá rẹ̀ jókòó, tí ó wí fún un pé oògùn tí òun fẹ́ kọ yìí, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ti oṣù kan, ó lè jẹ́ ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ bí ó ti ń dún létí òbí. Ní ilẹ̀ wa, oògùn tí kò bá tán, oògùn tí kò jẹ́ ni a ń kà á sí. A ó ní bí ọwọ́ ẹni yìí kò bá ká a, kí á gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, bí ti ẹlòmíràn kò bá ká a, kí á gbé e gun orí òkè àdúrà, kí á tún gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ bá oníṣègùn kan ní ahéré tí ọkọ̀ kò dé, títí owó ilé yóò fi tán, tí ọmọ náà yóò sì ti pàdánù ọ̀pọ̀ oṣù nínú oògùn tí ó ń gbé ọkàn rẹ̀ ró. Ohun tí mo fẹ́ kí ó wọ̀ yín létí kí ó sì dúró níbẹ̀ ni pé àìsàn tí kò lọ kì í ṣe àmì pé ọmọ yóò lọ. Àìsàn lè bá ọmọ gbé, kí ọmọ náà sì gbé ayé, kí ó lọ sí ilé ìwé, kí ó kọ́ṣẹ́, kí ó gba ìbáwí, kí ó di ẹni tí ń sin òbí rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá pé.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣàì rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí ọmọ tí a bí ní pípé, tí ojú rẹ̀ fani mọ́ra, ṣùgbọ́n tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń mu ọmú, tí èémí rẹ̀ ń yára, tí ètè rẹ̀ ń dúdú nígbà tí ó bá ké, tí ó sì kú kí ó tó mọ ìrìn. Nígbà tí èyí bá sì ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú agbo ilé kan, níwọ̀n bí wọn kò ti ní irinṣẹ́ tí a fi ń wo inú àyà, wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n sì ń fi orúkọ bẹ èyí tí a bí tẹ̀lé e: Dúrójayé, Dúrósinmí, Málọmọ́, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́. N kò jẹ́ fi àwọn baba wa ṣẹ̀sín, nítorí ìfẹ́ ni ó bí àwọn orúkọ wọ̀nyẹn, ẹni tí ẹkún ti sú ni ó sọ wọ́n. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ tí a pè ní àbíkú ni ọkàn pa. Fọ̀níkú-fọ̀ládìde pa púpọ̀ nínú wọn, ibà pa púpọ̀, ìgbẹ́ gbuuru pa púpọ̀. Ohun tí ó dùn mí ni apá kejì àṣà náà, èyí tí ó ṣì ń bẹ láàrin wa bí a kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́: ọmọ tí a bá ti rò pé kì yóò dúró, a kì í tọ́ ọ bí ẹni tí yóò dúró. A kì í fẹ́ náwó ilé ìwé lé e lórí. A kì í bá a wí, kí ó má baà bínú lọ. A ń fi í ṣe àlejò nínú ilé baba rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkàn ti rí, kí á lè mọ ohun tí à ń bá jà. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni ọkàn ènìyàn, yàrá méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ògiri kan sì là á láàrin láti òkè dé ilẹ̀. Apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo ara ti lò, ó ń tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kí ó lọ gba atẹ́gùn. Apá òsì ń gba èyí tí ó ti gba atẹ́gùn, ó ń tì í lọ sí gbogbo ara, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn sì wà láàrin àwọn yàrá náà àti lẹ́nu ọ̀nà àbájáde wọn, tí ó ń ṣí sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti jáde má ṣe padà. Bí ihò bá wà lára ògiri, bí ilẹ̀kùn kan bá há tàbí tí kò pa dé, bí ọ̀nà kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nígbà tí ọmọ wà nínú ikùn bá kọ̀ tí kò dí lẹ́yìn ìbí gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, iṣẹ́ di ìlọ́po fún ọkàn kékeré náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó tì lẹ́ẹ̀kan ni ó ń tì lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bá bí láàyè, níbi gbogbo lórí ilẹ̀ ayé, nǹkan bí 8 ni irú àbùkù kan tàbí òmíràn ń wà nínú ọkàn wọn. Ohun tí ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe: ó ń ṣe ọmọ olówó, ó ń ṣe ọmọ aláàárù, ó ń ṣe ọmọ òyìnbó. Ní ọdún 1981, àwọn dókítà méjì ní ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn, Jaiyesimi àti Antia, tẹ ìròyìn ọdún mẹ́wàá jáde lórí àwọn ọmọ tí wọ́n rí níbẹ̀ tí a bí pẹ̀lú àbùkù ọkàn, ihò ara ògiri tí ó la yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì ni wọ́n sì rí jù lọ, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí kò dí lẹ́yìn ìbí ni ó tẹ̀lé e. Kí inú yín sì dùn láti gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú ihò kéékèèké wọ̀nyẹn ni ó ń dí fúnra rẹ̀ bí ọmọ ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n dókítà ni ó lè sọ èyí tí yóò dí àti èyí tí kì yóò dí, nípa wíwò ó láti ìgbà dé ìgbà pẹ̀lú àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní echo, tí kì í gún ọmọ, tí kì í ta á lára.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ẹ̀yin ará ilé ọkọ, mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Ọkàn ọmọ ti ń lù kí oyún tó pé oṣù kan nínú ìyá rẹ̀, nígbà tí yóò bá sì fi di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, yàrá àti ilẹ̀kùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tán, ìyẹn ni pé iṣẹ́ náà ti ń parí ní àkókò tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ dájú pé òun lóyún. Kì í ṣe pé ìyàwó yín rìn lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe pé ó jẹ ohun tí kò yẹ kí ó jẹ, kì í ṣe owó àná tí a kò san pé. Lóòótọ́ ni àwọn ohun kan wà tí a mọ̀ pé ó lè fà á, bí àrùn rùbẹ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún àti àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú, ṣùgbọ́n lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà, dókítà gan-an kì í rí ohun kan pàtó tọ́ka sí. Obìnrin tí ó ń gbé ọmọ aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, tí ó sì tún padà wá gba ẹ̀sùn àjẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, báwo ni yóò ti rí agbára tọ́jú ọmọ náà?

Irú kejì àìsàn yìí kì í bá ọmọ ti inú ikùn wá. Ọ̀nà ọ̀fun ni ó ń gbà wọlé. Kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní streptococcus a máa mú ọmọ lọ́fun, àwọn tí ó wà láàrin ọdún 5 sí 15 ni ó sì ń bá jà jù, níbi tí ọmọ púpọ̀ ti ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo. Ọ̀fun á dùn ún, ara á gbóná, á sì lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò náà jà á wá ṣi ọwọ́, á kọjú sí oríkèé àti ilẹ̀kùn ọkàn. Orúnkún á wú lónìí, lọ́la á di ọrùn ẹsẹ̀, lọ́túnla á di ìgbọ̀nwọ́, àwọn ará ilé á ní làkúrègbé ni, tàbí pé ọmọ náà tẹ ẹbọ mọ́lẹ̀ ní oríta. Nígbà tí wọ́n bá ń wí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ilẹ̀kùn ọkàn ti ń sún kì. Èyí ni ó ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pẹnisílíìnì tí kò wọ́n ni ì bá ti pa kòkòrò náà ní ọ̀fun kí ó tó kan ọkàn rárá. Àwọn kan a máa gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ fún olóòlà kí ó bá wọn gé bélúbélú rẹ̀. Abẹ olóòlà kò lè pa kòkòrò, ẹ̀jẹ̀ ni yóò mú jáde, yóò sì ṣí ọ̀nà fún kòkòrò mìíràn láti wọlé.

Bí ó bá ti kan ọkàn, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì kan tí ń pẹ́ lára ni a óò máa gún fún ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, fún ọdún púpọ̀, ẹlòmíràn títí yóò fi dàgbà. Abẹ́rẹ́ náà ń dunni, ọmọ a sì máa sá fún un. Kì í wo ilẹ̀kùn tí ó ti bàjẹ́ sàn, ìdènà ni, kí àìsàn ọ̀fun yẹn má ṣe padà wá, nítorí gbogbo ìgbà tí ó bá padà ni ó ń fi kún ìbàjẹ́. Òbí tí kò bá lóye èyí yóò wò ó pé láti oṣù márùn-ún tí wọ́n ti ń gún ọmọ òun kò sí ìyàtọ̀, yóò sì dá a dúró, láìmọ̀ pé àìsí ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ ń ṣe. Àìsàn yìí kò pọ̀ mọ́ ní ilẹ̀ àwọn olówó. Ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ni ó kù sí, títí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi fi ohùn ṣọ̀kan ní Geneva ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè dìde sí i.

Báwo ni ìyá yóò ti fura? Ọmọ ọwọ́ tí ọmú ń rẹ̀, tí ó ń mu díẹ̀ tí ó ń sinmi tí ó ń làágùn lórí, tí ìhà rẹ̀ ń wọlé-jáde kíákíá bí ara rẹ̀ kò tilẹ̀ gbóná, tí òtútù àyà ń mú ní àmútúnmú, tí kò sì sanra, ẹ gbé e lọ kí wọ́n gbọ́ àyà rẹ̀. Ara ọmọ wa dúdú, nítorí náà kì í ṣe awọ ara ni a ó wò bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá atẹ́gùn kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: ahọ́n ni, inú ètè ni, àti èrìgì, bóyá wọ́n ti yí sí àwọ̀ aró. Ọmọ tí ó ti ń rìn, tí ó bá sáré díẹ̀ tí ó lóṣòó mọ́lẹ̀ kí ó tó tún dìde, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara rẹ̀ ni ó kọ́ ọ pé ìlóṣòó náà ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i dé ẹ̀dọ̀fóró òun. Ẹ tún wo káàdì ìwọ̀n tí ẹ ń mú lọ sí ibùdó ìlera. Ìtòsí wa níhìn-ín ni a ti fi irú káàdì yẹn dán ayé wò. Dókítà David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láàrin ọdún 1956 sí 1961, ni ó gbé e kalẹ̀ fún àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn kálẹ̀ dé ilẹ̀ òkèèrè. Ìlà tí ó yẹ kí ó máa gòkè lórí káàdì náà, bí ó bá dúró lójú kan fún oṣù méjì, ó ti sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó lè sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan wà nínú ìṣòro wọ̀nyí tí n kò lè kánjú kọjá. Ọmọ tí irú àbùkù kan wà nínú ọkàn rẹ̀ lè ṣàdédé yí padà, pàápàá ní òwúrọ̀ tàbí lẹ́yìn tí ó bá sọkún púpọ̀: èémí rẹ̀ á jinlẹ̀ á sì yára, ètè àti ahọ́n á dúdú, ara á rọ̀, ó sì lè dákú tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbọ̀n. Àwọn àgbà ilé á ké pé gìrì ni, wọ́n á sì ti sáré gbé àgbo jáde, èyí tí a fi ìtọ̀ màálù, ewé tábà, aáyù àti efínrín pò. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti kọ̀wé lórí àgbo náà láti ohun tí ó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn, wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dín èémí kù, bẹ́ẹ̀ èémí gan-an ni ọmọ náà ń wá. Ohun tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ gbé e mọ́ àyà, kí ẹ ká orúnkún rẹ̀ méjèèjì mọ́ ikùn rẹ̀ títí yóò fi kan àyà, kí ẹ má ṣe pariwo, kí ẹ má ṣe da omi sí i lára, kí ẹ má ṣe ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín ni oríkì wa ti wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ lọ. Ẹkún àti ìbẹ̀rù ń mú ìyípadà yìí le sí i, ohùn tí ọmọ sì ti mọ̀ láti ìgbà ìkókó, tí ó ń pè é ní Àjàní, tí ó ń pè é ní Àníkẹ́, tí ó ń ka orílẹ̀ baba rẹ̀ sí i létí ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a máa rọ ọkàn tí ó ń sáré. Ìyá àgbà tí ó mọ oríkì ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ ni kí a gbé e lé nínú ọkọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ti mọ ìwòsàn èyí láti ayébáyé. Ọdún 1888 ni Dókítà Fallot ti ìlú Marseille ní ilẹ̀ Faransé ṣàlàyé àbùkù onípa mẹ́rin tí ó ń sọ ọmọ di aláwọ̀ aró, ṣùgbọ́n àlàyé lásán ni, nítorí fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn náà fi ń sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń sin tiwa. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1944, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, Dókítà Alfred Blalock ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì, ó so iṣan ẹ̀jẹ̀ kan mọ́ òmíràn kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ọ̀nà dé ẹ̀dọ̀fóró. Obìnrin ni ó ti ro ọ̀nà náà, Dókítà Helen Taussig. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan tí kò gba ìwé ẹ̀rí dókítà, Vivien Thomas, ni ó ti fi ajá dán an wò títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn, òun ni ó sì dúró lẹ́yìn Blalock lọ́jọ́ náà, tí ó ń sọ bí abẹ yóò ti gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di ọdún 1976 kí ilé ẹ̀kọ́ náà tó fi oyè dókítà dá a lọ́lá. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ tí a ti ń wò pé wọn kò ní dúró ti ń dúró.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1974 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Magdi Yacoub tí ó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ ṣí ọkàn ènìyàn tún ṣe ní Enugu. Lónìí, ilé ìtọ́jú ọkàn Tristate wà ní ilé ìwòsàn Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, tí kò ju ìrìn àjò ọjọ́ kan lọ láti ọ̀dọ̀ yín. Gbogbo yín ni ẹ mọ Nwankwo Kanu, balógun àwọn ọmọ wa tí wọ́n gba wúrà ní Atlanta ní ọdún 1996. Ọdún náà gan-an ni àyẹ̀wò ní Inter Milan fi hàn pé ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kò dára, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, ó padà sórí pápá ní ọdún 1997, ní ọdún 2000 ni ó sì dá Kanu Heart Foundation sílẹ̀, tí ó ti ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ abẹ ọkàn gbà. Owó iṣẹ́ abẹ pọ̀, n kò ní purọ́ fún yín, ó ju owó kòkó ọdún kan lọ fún ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ìlú mọ ọ̀nà àjọ àti èésú, ilé ìwòsàn ńlá ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá aláìní wá ìrànwọ́, ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà, tí ẹ lè béèrè ohun tí ó ń san àti ohun tí kò san. Ẹni tí kò bá tètè béèrè ni ó sábà máa ń pẹ́ jù, nítorí àwọn àbùkù kan wà tí abẹ kò lè tún ṣe mọ́ bí ẹ̀dọ̀fóró bá ti bàjẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ kan ni. Ọjọ́ títọ́ ọmọ kò lóǹkà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti òbí tí ó ti bẹ̀rù tán, tí ó wá fi gbogbo nǹkan lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé bí òun bá di àyà mú, gbogbo ilé á dìde, àbúrò á fi ẹran sílẹ̀ fún òun, a kò sì ní rán òun níṣẹ́ mọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ọkàn tí kò le kò yọ ẹnìkan kúrò nínú òwe yẹn. Ẹ bá a wí pẹ̀lú ẹnu, ẹ gba ohun tí ó fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò tí ó ṣẹ̀. Ìbáwí kò di dandan kí ó jẹ́ ti pàṣán, fún un tàbí fún ọmọ mìíràn. Bí ó bá ní àyà ń dun òun, ẹ gbà á gbọ́, ẹ jẹ́ kí ó jókòó sinmi, ẹ wo ahọ́n rẹ̀, ẹ wo èémí rẹ̀. Bí ara bá sì ti rọ̀ ọ́, ẹ dá a padà sídìí iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Iṣẹ́, mo wí i. Ní ilé àgbẹ̀, ọmọ tí a kò rán níṣẹ́ mọ̀ pé a kò ka òun mọ́ ọmọ. Kò lè ru omi láti odò, kò lè ru ẹ̀gẹ́ láti oko dé ibi tí a ti ń ṣe gàrí, kò yẹ kí a rán an. Ṣùgbọ́n ó lè ṣa ẹ̀wà, ó lè gbálẹ̀ iwájú ilé ní ìrọ̀rùn ara rẹ̀, ó lè jókòó ti àtẹ kí ó ka owó, kí ó sì mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè. Nípa eré, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni dókítà yóò ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré bí agbára wọn bá ti mọ, kí wọ́n dúró nígbà tí ó bá rẹ̀ wọ́n, nítorí ara ọmọ gan-an ni ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ jù. Àwọn díẹ̀ wà tí ilẹ̀kùn àbájáde ọkàn wọn há, tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n bá ẹnikẹ́ni sá eré ìje rárá. Ẹ béèrè èyí tí ọmọ yín jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ kí ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣàlàyé fún un pé ọmọ yìí kò lè sáré yípo pápá, pé oògùn tí ó ń lò ní òwúrọ̀ ń mú un tọ̀ léraléra, kí wọ́n má ṣe dá a dúró nínú kíláàsì nígbà tí ó bá fẹ́ jáde, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa pè é ní olókùnrùn. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ agbára, ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ogún rẹ̀, ó yẹ kí owó ilé ìwé tirẹ̀ ṣíwájú ti gbogbo ilé.

Àwọn ọmọ yòókù pẹ̀lú ń wò yín. Ìyà ìjókòó sílé ni ó ń jẹ wọ́n nígbà tí ìyá bá ti gba ọkọ̀ láti Lálúpọn, kọjá Ìyànà Ọ̀fà, Olódó àti Mọnátán dé Ìwó Róòdù, kí ó tó dé UCH ní Orítamẹ́fà, tí ilẹ̀ ti ń ṣú kí ó tó padà. Wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú wọn ni owó àti àkókò ń tẹ̀lé. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn ní èdè tí ó bá ọjọ́ orí wọn mu, ẹ sì wá ọjọ́ kan tí yóò jẹ́ tiwọn. Ẹ̀yin bàbá, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí: kì í ṣe owó ọkọ̀ nìkan ni ẹ ó máa fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ tẹ̀lé ọmọ lọ, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ohun tí dókítà wí, nítorí bàbá tí kò gbọ́ ọ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n dá oògùn dúró.

Nípa oògùn, ìwọ̀nba ni mo ní í sọ. Àkókò kan náà ni kí ó máa jẹ́ lójoojúmọ́. Bí ọmọ bá bì í, ẹ má ṣe fi òmíràn rọ́pò fúnra yín, nítorí oògùn bíi digoxin, ohun tí ó ń wo ọkàn sàn ni ó lè dá ọkàn dúró bí ó bá pọ̀ jù; ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ kò lè dé. Ẹ dín iyọ̀ kù, kí ẹ dín magí kù, kí kán-ún má ṣe wọ ewédú tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ léraléra ni oúnjẹ rẹ̀, kí epo, ẹ̀pà, ẹyin àti ẹja wà níbẹ̀, nítorí ọkàn tí ń ṣiṣẹ́ ìlọ́po ń jẹ agbára púpọ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ tí ó jẹ́ aláwọ̀ aró, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí ibùdó ìlera ń fúnni, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ki tẹ́lẹ̀. Ẹ mú ìtọ́jú eyín rẹ̀ ní ọ̀kúnkúndùn. Kòkòrò láti inú eyín tí ó bàjẹ́ lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ sí ìdí ilẹ̀kùn ọkàn kí ó sì tẹ̀dó síbẹ̀, ìdí nìyí tí a kì í fi yọ eyín rẹ̀, tí a kì í sì í sín gbẹ́rẹ́ fún un, láìbi dókítà ọkàn rẹ̀.

Bí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní orúkọ àìsàn rẹ̀ àti orúkọ oògùn rẹ̀, kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ dá dókítà lóhùn nígbà tí wọ́n bá bi í. Ìgbà ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé oògùn sọnù lẹ́yìn ilé, nítorí wọ́n ń fẹ́ dà bí ẹgbẹ́ wọn. Ọmọ tí a ti fi òtítọ́ tọ́ láti kékeré kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin yóò béèrè irú iṣẹ́ tí òun lè kọ́, ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọmọbìnrin yóò béèrè bóyá òun lè bímọ, ìyá kan kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú. Púpọ̀ nínú wọn lè bímọ, àwọn kan wà tí oyún léwu fún, àwọn tí a fi ilẹ̀kùn àtọwọ́dá sí lọ́kàn sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí ó lè pa ọmọ inú lára. Nítorí náà, nígbà tí ìdílé méjèèjì bá ti ń sọ̀rọ̀ ìdána, kí ọmọ yín àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jọ lọ rí dókítà ọkàn ní Orítamẹ́fà, kí àwọn méjèèjì jókòó gbọ́ ọ pọ̀ kí oyún tó dé.